Ta Ló Gbá Méjì Wọlé?

Lọ́sẹ̀ yìí n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ ìṣèlú, n kò sì ní sọ ti ọ̀wọ́n ọjà tó ti sú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ohun tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, ó sì kù díẹ̀ kí ó dójú tì mí lójú gbogbo ọjà.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìsọ̀ aláṣọ kan ní Òkè-Àjẹ́, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo máa ń lọ jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pe ẹni tó ni ìsọ̀ náà. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́fà, ó sì jù mí lọ ní ohùn pẹ̀lú. Ìyá Onígaàrí tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa láìkúrò nídìí àpò gaàrí rẹ̀. Awakọ̀ kan máa ń yà síbẹ̀ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń wá èrò. Olùkọ́ ìṣirò kan náà máa ń wá. Ọmọdé ni lójú tèmi, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, bí ó tilẹ̀ ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀rọ̀ ikú ni a bá lẹ́nu ara wa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, ọjọ́ 12, ni Christian Chukwu kú, ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní “Chairman”, balógun ẹgbẹ́ Green Eagles tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún wa nígbà àkọ́kọ́, ní ọdún 1980. Bàbá Aláṣọ mi orí. Ó ní, “Wọ́n ń lọ tán. Láwàl lọ ní 1991. Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ ilé lọ ní 2009. Chukwu náà ti tẹ̀lé wọn.” A ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bí ó bá parí ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ ni, ilé ì bá tòrò. Ṣùgbọ́n Bàbá fi kún un pé, “Kò sí irú iwájú tí ẹgbẹ́ yẹn ní mọ́ láéláé. Kò sí.”

Nítorí ẹ̀yin tí a kò tíì bí nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá ń wí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ni a ko Àlgéríà lójú ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó. Ààrẹ Shehu Shagari wà níbẹ̀. Góòlù 3 sí òdo ni a fi ṣẹ́gun wọn. Ní ọwọ́ ọ̀tún ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni gíga kan báyìí tó ń wọ nọ́ńbà méje, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Ernest Okonkwo tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló sọ ọ́ ní “Mathematical”. Ní ọwọ́ òsì ni Adokie Amiesimaka wà, tó padà di lọ́yà, tó tún di kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Felix Owólabí náà wà níbẹ̀. Ní àárín ni Mùdáṣírù Láwàl wà, mẹkáníìkì kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù, tí kì í rẹ̀ bọ̀rọ̀. Òyìnbó ilẹ̀ Bràsílì kan, Otto Glória, ló ń kọ́ wọn. Òun náà ló darí àwọn Pọtogí gba ipò kẹta nínú ife àgbáyé 1966.

Olùkọ́ ìṣirò wa kò jiyàn kíákíá. Ó bẹ Bàbá Aláṣọ pé kí ó fún òun ní pépà tí wọ́n fi di aṣọ, ó sì yọ bírò. “Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. A gbá Tànsáníà ní 3 sí 1. Àwa àti Ivory Coast ta ọ̀mì, òdo sí òdo. A gbá Íjíbítì ní ẹyọ kan. A gbá Mòrókò ní ẹyọ kan. A wá gbá Àlgéríà ní mẹ́ta. Mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Nínú mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn, wọn kò gbá ju ẹyọ kan wọlé.” Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. “Ẹ wá wo ti 1994 ní Tùnísíà. Gàbọ̀n, mẹ́ta. Íjíbítì, òdo. Zaire, méjì. Ivory Coast, méjì, kí a tó fi pẹnáríìtì lé wọn lọ. Zambia, méjì. Mẹ́sàn-án ni, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún bákan náà. Ràṣídì Yẹkínì nìkan gbá márùn-ún nínú rẹ̀.”

Awakọ̀ sọ pé ti 2013 ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí mọ́kànlá ni wọ́n gbá wọlé ní Gúúsù Áfíríkà, tí Emenike gbá mẹ́rin níbẹ̀. A dá a lóhùn pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá. Èrò rẹ̀ sì kún nígbà náà, ó sáré lọ.

Olùkọ́ kò tíì ṣe tán. “Bàbá, góòlù kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni rí gbá wọlé wa ní 1980, Tànsáníà ló gbá a. Ní 1994, mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé wa. Kí ni ìyẹn ń sọ fún wa? Àwọn ẹ̀yìn ló gba ife 1980. Chukwu tó kú yìí gan-an ni. Ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹ sì ń gbé ìyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé ìdì àńkárá kan sílẹ̀ níwájú ọmọ náà. “Tíṣà, bí o bá ń ra aṣọ, ṣé yáàdì nìkan lo máa ń kà? O kì í fọwọ́ kàn án wò? Yẹkínì rẹ gbá márùn-ún, mo gbà. Mélòó ló gbá ní àṣekágbá? Òdo! Amunike ló gbá méjèèjì wọlé Zambia, àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já lu òkun ní ọdún kan ṣáájú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣa ẹgbẹ́ mìíràn jọ. Àwọn tèmi gbá mẹ́ta ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbá a.”

Ìyá Onígaàrí ló là wá, bí ó bá jẹ́ pé ìlàjà ni ká pè é. Ìbàdàn ni obìnrin náà gbé fún ọdún púpọ̀, Shooting Stars sì ni ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó bèèrè pé, “Nínú mẹ́jọ yẹn, ta ló gbá wọn?” Olùkọ́ kà á fún un: Ọdẹ́gbàmí, Láwàl, Owólabí tó gbá ti Mòrókò, Onyedika ẹyọ kan, Isima ẹyọ kan. “Ẹ yọ Onyedika àti Isima kúrò, mélòó ló kù?” Mẹ́fà. “Níbo ni àwọn mẹ́ta tó gbá mẹ́fà náà ti wá?” Ẹnu ya gbogbo wa. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, “Ẹ ò mọ̀ pé láti 1976 ni Ọdẹ́gbàmí àti Láwàl ti jọ gba ife Áfíríkà nígbà tí a na Tonnerre ti Kamẹrúùnù? Kó tó di pé ìjọba pè wọ́n, wọ́n ti mọ ìrìn ẹsẹ̀ ara wọn. Ti 1994 ńkọ́? Yẹkínì wà ní Pọtogí, Finidi wà ní Họ́láńdì, Amokachi wà ní Bẹ́ljíọ́mù, Amunike wà ní Íjíbítì. Pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Yẹkínì tí ẹ sì ń pariwo rẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn náà ló ti kọjá.” Ó padà sídìí gaàrí rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ú lọ.

Ibi tí mo ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí, ìbá sì sàn kí n panu mọ́. Mo gbọ̀nfùn, mo fi ohùn kíláàsì sọ ọ́ pé, “Ẹ ò tíì fún Láwàl ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àárín ló ń gbá, kì í ṣe iwájú, síbẹ̀ òun ló gbá méjì nínú mẹ́ta ti Àlgéríà. Ọdẹ́gbàmí gbá ẹyọ kan.”

Olùkọ́ ìṣirò wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì. Ìṣẹ́jú kejì ni àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kejìlélógójì ni èkejì. Láwàl gbá ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú àádọ́ta.” Mo ní irọ́ ni. Ó ní, “Sà, góòlù mẹ́ta ni Ọdẹ́gbàmí gbá nínú ìdíje náà, òun àti Labied ọmọ Mòrókò ló jọ ṣe olórí. Ẹyọ kan ló gbá sí Tànsáníà. Níbo ni méjì tó kù yóò ti wá?”

Ìṣirò kò ní ojú àánú. Mo dákẹ́. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀, sà. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ta tẹ́tẹ́ lé e. Mo sọ fún wọn pé tíṣà mi kì í purọ́.”

N kò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ń wá ibi tí góòlù kejì tí mo fún Láwàl ti wá. Ní 1980, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Ìsọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ bọ́ọ̀lù náà, lórí rédíò tí wọ́n so mọ́ bátìrì mọ́tò. Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí gbá a wọlé, a pariwo bí gbogbo ènìyàn ṣe pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Láwàl gbá tirẹ̀, ìsọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọ́n ń fi sípánà lu dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń pariwo pé, “Mẹkáníìkì ni! Ẹni tiwa ni!” Ariwo náà tó ti góòlù méjì, kí n má purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ariwo nìkan kọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ yìí fún ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Nínú kíláàsì mi, ọ̀pọ̀ ọmọ wà tí ìwé kò yé, tí mo mọ̀ pé ìdí mọ́tò tàbí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọn yóò parí rẹ̀ sí. Àwọn ni mo máa ń sọ ìtàn Láwàl fún. Bí mo bá ní ẹyọ kan ló gbá, tí ẹni tó lọ sí Pólì gbá méjì, ìtàn náà kò ní dùn tó bí mo ṣe fẹ́. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́, ọdọọdún ló ń dá mi lójú sí i, títí ó fi di pé èmi gan-an kò mọ̀ mọ́ pé mo ti fi iyọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Láwàl kò sì nílò iyọ̀ kankan: ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún tẹ̀ léra ni ọkùnrin náà lọ, láti 1976 dé 1984.

Ní ọjọ́ kejì mo padà sí Òkè-Àjẹ́, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Mo fẹ́ san owó oúnjẹ náà padà fún ọmọ mi. Ó kọ̀ ọ́, ó ní kí n ra ìkọ́kọrẹ́ fún òun. Mo rà á. Wọ́n tún ní kí n dá ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, èwo nínú iwájú méjèèjì ló jù. Mo ní bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò dúró sẹ́nu ilé tí yóò máa dá góòlù sínú àwọ̀n, ti 1994 ni, nítorí ẹgbẹ́ 1980 kò ní Yẹkínì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀lù wá láti ọ̀tún àti òsì, kí àárín sì tún gun òkè wá bá wọn, kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tí yóò gbá a, n kò tíì rí irú ti 1980. Olùkọ́ ìṣirò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá Aláṣọ kò gbà. Ọjọ́ méjì ni kò fi dáhùn ìkíni mi dáadáa.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ Ẹtì mo gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Ìsọ̀ mẹkáníìkì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1980 ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. A kí ara wa, a rántí rédíò, a rántí dúrọ́ọ̀mù. Mo wá bi í léèrè pé, “Ọ̀gá, ní ọjọ́ yẹn, góòlù mélòó ni Láwàl gbá wọlé?”

Kò tilẹ̀ ronú. “Méjì ni, Tíṣà.”

Mo ní, “Ẹyọ kan ni. Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì.”

Ó wò mí títí, ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. “Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, n kò gbọ́ rédíò dáadáa,” ni ó wí. “Nígbà tí mo jáde, ẹ̀yin ni mo bi léèrè.”