Agbára, Èrè tàbí Ìdá-Iṣẹ́?

Ní Pleasure, ní Alímọ̀ṣọ́, bí obìnrin méjì bá fi ìwọ̀n èédú kan náà dín àkàrà, ẹni tí ó bo ààrò rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni yóò dín púpọ̀ jù. Èédú wọn dọ́gba. Iná tí ó dé ìdí agbada ni kò dọ́gba. Kí ni a ó pe ìyàtọ̀ yìí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ?

Ìdíje kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969 là á yé ni. Rélùwéè kékeré ni wọ́n fi ń díje, irú èyí tí ooru omi híhó ń mú rìn, bí àwọn ńlá tí ó ń gba Agége lọ sí Ìbàdàn nígbà tí a ṣí ọ̀nà náà ní 1901. A ó wọn èédú ilẹ̀ ṣáájú eré, a ó sì wọn èyí tí ó ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ òṣùwọ̀n tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn yóò sọ bí ó ti fa ẹrù tó àti bí ó ti rìn jìnnà tó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lórí èédú tí ó jó ni ó borí, kì í ṣe ẹni tí ó yára jù. Síbẹ̀, ìdá kékeré péré nínú agbára èédú ni ó sábà ń di iṣẹ́. Ìyókù a bá èéfín àti ooru lọ.

Nítorí náà, “agbára” kò bá a mu, nítorí ọkọ̀ alágbára lè jẹ́ afiṣòfò. “Èrè” pàápàá ń ṣini lọ́nà: èrè a máa lé lórí owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè ju ohun tí a fi bọ́ ọ lọ. “Ìdá-iṣẹ́” ni ó ṣe rẹ́gí: ìdá tí ó di iṣẹ́ nínú gbogbo ohun tí a ná. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní agbára yóò kọ́ ọmọ pé ẹ̀rọ tí ó tóbi ni ẹ̀rọ tí kì í fi nǹkan ṣòfò.