Fọ́ǹtì Ẹlẹgẹ́ Lórí IV: Ṣé Ó Mọ Orúkọ Yín Kọ?

Bí ẹ bá ń gbé ní Lákọ̀wé tàbí ibikíbi lọ́nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé IV ìgbéyàwó kì í wọ́n lórí WhatsApp. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó á wà láàárín, nínú fọ́ǹtì kan tó dà bíi pé gègé ni wọ́n fi kọ ọ́. Fọ́ǹtì yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Àwọn lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra, wọ́n fì sápá ọ̀tún, ìrù wọn sì gùn. Great Vibes àti Dancing Script, tí Google ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, wà lára wọn. Orúkọ, àkọlé kúkúrú, ìwé ẹ̀rí: ibi tó ti ń dán nìyẹn. Ẹ má fi kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù, torí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn dáadáa lójú fóònù.

Wàhálà tiwa ni àmì. Ní Unicode, ìlànà tí fóònù fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní: àmì ohùn ló máa wá gun lẹ́tà lórí. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì kò bá ṣètò ibi tí àmì máa jókòó sí, á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí kò bá ya lẹ́tà náà rárá, fóònù á yá a lára fọ́ǹtì mìíràn. Ẹ ó wá rí ọ kan tó dúró ṣánṣán láàárín àwọn tó ń jó.

Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, torí náà fọ́ǹtì tí wọ́n bá ṣe fún èdè wọn máa ń ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo ṣ, torí náà ó lè má sí níbẹ̀.

Dísáínà mìíràn á ní kí ẹ yọ àmì kúrò. Ẹ yọ ọ́ lára “ọkọ ìyàwó” wò: ó di oko. Iṣẹ́ àgbẹ̀ dé nìyẹn! Ayọ̀ náà lè di ayò ọlọ́pọ́n. Láti ìwé Samuel Ajayi Crowther ní 1843 dé ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé l'Ékòó ní 1875, àwọn àgbà ti ń ronú lórí bí a ó ṣe kọ èdè yìí.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí dísáínà tẹ Ṣọlá, Ẹ̀bùn àti Ọmọ́táyọ̀. Ṣé gbogbo lẹ́tà jọra? Ṣé àmì ohùn wà lórí lẹ́tà tirẹ̀? Ṣé àmì ìsàlẹ̀ kò wọnú ìrù lẹ́tà? Bí ó bá kùnà, ẹ yan fọ́ǹtì mìíràn, tàbí kó fọwọ́ ya àmì náà sí i. Kó sì fi IV ránṣẹ́ bí àwòrán, kí fóònù ẹlòmíràn má baà pààrọ̀ fọ́ǹtì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo fọ́ǹtì náà ká tó fi kọ orúkọ ọ̀hún. Ó dìgbà kan ná o.