Òjò Tí Páànù Kò Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ẹ̀wù mẹ́ta lórí ara wọn. Kò sí nǹkan tí Yorùbá kò lè fi kí ènìyàn, òtútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì ti di ohun ìkíni láàárín wa. Lónìí, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé kọ́ ni a fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ yìnyín ni, pàápàá bí ó ti ń dún, àti bí kì í ti í dún, ní etí àwọn ọmọ wa.

Nílé, kò sí ọmọ tí kò mọ ariwo òjò. Ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á jà, ààrá á sán, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù bí ẹni ń lu ìlù. Bí yìnyín bá wà nínú rẹ̀, ariwo di méjì: kọ́-kọ́-kọ́ lórí òrùlé, àwọn ọmọ á sì sáré bọ́ síta láti ṣà á jẹ kí ó tó yọ́. Yìnyín tí a mọ̀ nílé, aláriwo ni. Èyí tí a bá níhìn-ín ni kì í sọ̀rọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, kí ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ó sì ga dé orúnkún, kí ẹni tí ó sùn má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: wọ́n pe ti aláriwo ní yìnyín, wọ́n sì pe ti aláìlóhùn ní òjò dídì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa ará ìhín, yìnyín ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa tí a ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n wa mójú tó ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilé-ìwé pa, ti ṣàkíyèsí ohun kan. Etí ni àwọn ọmọ fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé yìnyín ti rọ̀, kì í ṣe ojú. Wọn kò tíì ká aṣọ fèrèsé kúrò tí wọ́n á ti máa béèrè pé, "Bọ̀dá, kí ló dé tí gbogbo nǹkan dákẹ́?" Bọ́ọ̀sì kò dún. Ajá aládùúgbò kò gbó. Ẹsẹ̀ ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ kò ró. Gbogbo àdúgbò á pa rọ́rọ́, bí ọjà tí ó ti tú.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ìdí. Bí a bá pín yìnyín tuntun tí ó fúyẹ́ sí ọ̀nà 10, ó kéré tán, ọ̀nà 9 nínú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà ní Jericho, ní ìpínlẹ̀ Vermont, Wilson Bentley ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1885, ó so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì ya fọ́tò ẹyọ yìnyín kan ṣoṣo. Kí ó tó kú ní ọdún 1931, ó ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ju 5,000 lọ. Ohun tí fọ́tò wọ̀nyí fi hàn ni pé ẹyọ yìnyín a máa ní igun mẹ́fà, òmíràn a sì ní ẹ̀ka bí ewé. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀ lé ara wọn, wọn kì í lè fún mọ́ra. Àlàfo á kún àárín wọn. Inú àwọn àlàfo wọ̀nyí ni ohùn ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ni ó sì ń kú sí. Bí tìmùtìmù ti ń gbé ohùn mì nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe ń gbé ariwo àdúgbò mì.

Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí. Bí oòrùn bá ràn án, tí ojú rẹ̀ yọ́, tí ó sì tún dì ní alẹ́, á le bí àwo. Ohùn kì í ríbi wọ̀ mọ́. Ńṣe ni á ta padà. Ìdí nìyí tí ariwo fi máa ń lọ jìnnà ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí, ohun kékeré a máa di ńlá létí ọmọdé. Bí òtútù bá le gidi, tí ó lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, yìnyín kì í yọ́ lábẹ́ bàtà. Ńṣe ni ó ń fọ́, tí ó ń ha ara rẹ̀, tí ó sì ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Bí òtútù kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kàn ń rì sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́ ni. Ẹ tẹ́tí sí ṣọ́bìrì aládùúgbò bí ó ti ń ha kọnkéré: hàrà, hàrà. Ẹ gbọ́ òkìtì tí ó já bọ́ láti orí igi: gbì! Ní ọ̀sán, omi á bẹ̀rẹ̀ sí kán láti etí òrùlé: tó, tó, tó.

Ìwé ọmọdé kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí ní ilé-ìkàwé, The Snowy Day, tí Ezra Jack Keats kọ tí ó sì ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1962. Ọmọ Brooklyn ni Keats, kì í ṣe ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ dúdú kan tí ń jẹ́ Peter ni ó fi ṣe olú ìtàn, ní àkókò tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé àwòrán ilẹ̀ yìí. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Caldecott ní ọdún 1963. Ní ọdún 2020, ilé-ìkàwé gbogbogbòò ìlú New York kéde pé òun ni ìwé tí àwọn ènìyàn tíì yá jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìkàwé náà sílẹ̀. Peter kò ṣe ohun ńlá kan. Ó rìn nínú yìnyín, ó fetí sí ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fi igi gbá igi, yìnyín dà lé e lórí. Nígbà tí ó padà délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ bí ìyá náà ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ibi ìròyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ará. Bí ọmọ tiwa bá wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tútù, èdè wo ni yóò fi ròyìn? Àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá nígbà tí a bá ń bá wọn wí, wọ́n sì gbọ́ ọ nígbà tí a bá ní kí wọ́n wá jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ wọn nínú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fún wọn ní ọ̀rọ̀ fún un. Èdè tí a fi ń báni wí nìkan kì í pẹ́ lẹ́nu ọmọ.

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún yìnyín ilẹ̀ òyìnbó. Ṣé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń fọn èéfín kí ó tó dé? Àwọn baba wa fetí sí i, wọ́n gbọ́ bí ó ti ń ṣe pù-pù-pù, wọ́n sì sọ ọ́ ní alùpùpù. Etí ni Yorùbá fi ń sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fetí sí yìnyín, kí wọ́n sì wá ìró tirẹ̀ fún un. A ti dán an wò. Ọ̀kan ní bàtà òun ń ṣe kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, èkejì ní rárá, kàrà-kàrà ni; wọ́n fà á títí tí wọ́n tún fi jáde lọ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ náà ni a pa àlọ́ tuntun kan fún wọn: kí ló rọ̀ mọ́jú lórí páànù tí páànù kò gbọ́? Ó ti di àlọ́ wọn báyìí.

Ààyè irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì dájú mọ́. Láyé àtijọ́, rédíò ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ tì ní àárọ̀, tí ọmọ á máa retí kí wọ́n ka orúkọ ilé-ìwé tirẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 2024, yìnyín rọ̀ ní New York, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú náà kò fún àwọn ọmọ ní ọlidé. Wọ́n ní kí wọ́n kàwé láti ilé lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ rí ojú ẹ̀rọ náà wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní ọjọ́ kan, ẹ má ṣe fi tẹlifíṣọ̀n dí i.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ìdákẹ́jẹ́ náà léwu. Ọmọ tí ó fi fìlà bo etí kò ní í tètè gbọ́ mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ katakata tí ń gbá yìnyín lè má rí ọmọ kékeré lẹ́yìn òkìtì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò sínú òkìtì etí títì. Èyí tí ó burú jù ni mọ́tò: bí yìnyín bá dí ẹnu sàlẹ́ńsà, èéfín olóró tí kò ní òórùn á kún inú ọkọ̀ láìsí ìró kankan. Nígbà ìjì yìnyín oṣù kìíní ọdún 2016, ó pa àwọn tí wọ́n jókòó sínú mọ́tò ní New Jersey. Ẹ kọ́kọ́ wa ẹnu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ má sì fi ọmọ sínú rẹ̀ láti yáná nígbà tí ẹ ń wa yìnyín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde. Bí wọ́n bá wọlé, ẹ fún wọn ní ògì gbígbóná, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní Yorùbá pé, báwo ló ṣe dún? Ẹ ní sùúrù títí wọ́n á fi rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kú òtútù o.