Ta Ni Atọ́kùn Ẹni Tí Ó Dí Etí Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Eégún kì í dá rìn. Aṣọ bò ó lójú, ó bò ó létí, ilẹ̀ ojú agbo kò sì tẹ́jú. Atọ́kùn ni ó ń wo iwájú fún un, òun ni ó ń yà á kúrò lẹ́nu kòtò, òun ni ó sì ń sọ fún un bí àgbà kan bá ń kí i. Ìlànà atọ́kùn yìí ni a fẹ́ fi yẹ ohun tuntun méjì wò lónìí, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń mú eré ìdárayá dùn.

Ní ìlú Ọ̀tà, láàárín àwọn Àwórì, ìran wíwò kò ṣàjèjì. Bí eégún ti wà níbẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń kọrin ní òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a bọ́ sójú agbo láti jó. Àwọn àgbà kò ṣàwàdà nígbà tí wọ́n ní ojú tí ó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 ní orúkọ Nàìjíríà, Olómìnira Benin àti Tógò.

Kí ni ó mú ijó náà dùn? Irin tí ń dún wà lọ́rùn ẹsẹ̀ oníjó, ohun tí ìyáàlù bá sì sọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, kò sí bí yóò ṣe fi pamọ́, nítorí pé ìlù tí òun gbọ́ náà ni ìyá arúgbó tí ó jókòó sórí àpótí gbọ́, òun náà ni ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gbọ́. Etí gbogbo agbo pa pọ̀ di ọ̀kan.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní ohun tí ó fara jọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1889, ajá kan tí wọ́n ń pè ní Handsome Dan di àmì oríire fún àwọn eléré Yunifásítì Yale. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máskọ́ọ̀tì. Nígbà tí ó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí wọ ẹ̀wù ẹranko tàbí orí ńlá kan láti máa dá àwọn òǹwòran lára yá. Brutus Buckeye ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, tí orí rẹ̀ dà bí èso igi, ti ń jó láti ọdún 1965. Ẹni tí ó wà nínú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ̀rọ̀; ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọn kì í jẹ́ kí a mọ ẹni tí í ṣe. Nítorí pé kò ríran dáadáa, tí ooru sì ń mú un, ẹnìkan a máa rìn tẹ̀ lé e láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí èyí kì í bá ṣe atọ́kùn, kí ni a ó pè é?

Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn ni a ti ṣe ìdíje àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì, tí a mọ̀ sí NUGA, ní 1966. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù HiFL bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àwọn ẹgbẹ́ wá pẹ̀lú orúkọ oríire: OAU Giants, UNILAG Marines, àti UAM Tillers láti Makurdi, tí ó gba ife àkọ́kọ́. Ní Ọ̀tà, a ní Yunifásítì Covenant, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àti Yunifásítì Bells. Bí ọ̀dọ́ ibẹ̀ kan bá fẹ́ dá máskọ́ọ̀tì sílẹ̀ lọ́la, kí ó rántí pé ará ọ̀run ni eégún. A kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ní àwọn tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí wọn kò ní èèwọ̀: kí agbo jùmọ̀ gbọ́ ìlù kan, kí ẹni tí a bò lójú sì ní atọ́kùn.

Ọgbọ́n yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ohun kejì, íápíìsì aláìlókùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń kì bọ etí bí wọ́n bá ń sáré ní òwúrọ̀. Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Láti 1979 tí Walkman ti jáde ní Japan ni ènìyàn ti lè máa gbé orin tirẹ̀ nìkan kiri. Okùn nìkan ni ó kúrò níbẹ̀. A kò sì lè pe orin nídìí iṣẹ́ agbára ní ohun búburú. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé a máa dín àárẹ̀ kù lára ẹni tí ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn baba wa tí ń kọrin bí wọ́n bá ń ro oko mọ ìyẹn tipẹ́. Àmọ́ orin tiwọn, gbogbo aro oko ni ó ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ọ̀nà Ìdírókò tàbí òpópó Èkó sí Abẹ́òkúta ní Ṣàngó Ọ̀tà ní ìdájí. Tírélà ń jáde láti ilé iṣẹ́, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ń dé láti iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó dí etí rẹ̀ méjèèjì láàárín wọn ti fi aṣọ bo ara rẹ̀ bí eégún, kò sì ní atọ́kùn. Etí rẹ̀ gan-an ni ìbá ṣe atọ́kùn rẹ̀. Nínú ìdíje eré sísá tí àjọ World Athletics ń ṣàkóso, òfin kò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàyè lórí pápá.

Ewu kan tún wà tí kò hàn sí ojú. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ariwo tí ó tó 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 40 létí àgbàlagbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, wákàtí náà di 20. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ gbogbo dúró ti ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ti ná púpọ̀ nínú ohun tí a fún etí rẹ̀. Bí ó bá tún fi orin kíkan lé e, gbèsè ni ó ń jẹ. Àwọn irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ń gba ohùn kì í tún hù bí wọ́n bá ti kú.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbà ni ti ìkíni. Bàbá kan a ní, “Ẹ kú ìdárayá o,” ọmọ a sì kọjá lọ láìwo ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dáhùn pé lẹ́yìn ariwo ẹ̀rọ, ibẹ̀ nìkan ni àwọn ti ń rí ìsinmi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kí àgbà má ṣe yára pe ẹni tí kò gbọ́ ní aláfojúdi. Kí ọmọ náà sì fi etí kan sílẹ̀ ní títì, kí ó yọ èkejì bí ó bá rí àgbà lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó dín ohùn orin kù, kí ó sì fi etí méjèèjì gbádùn orin rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nínú ọgbà pápá.

Kò sí eégún tí í lé atọ́kùn rẹ̀ padà sílé kí ó tó jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe lé tiyín.