Bí A Ti Í Bo Oúnjẹ Láìnáwó Púpọ̀

Onígbá ni í pe igbá rẹ̀ ní pankàràgbá kí aráyé tó fi kó ilẹ̀. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a rí igbá kan pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ tí a sọ nù sí ẹ̀bá gọ́tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Igbá náà kò fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sán. Nínú gọ́tà kan náà, ọ̀rá dúdú àti abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì ti dí ọ̀nà omi pátápátá. Ohun tí ó wúlò ni a sọ nù, ohun tí ó ń ṣe wá ní ibi ni a sì ń fi owó rà lójoojúmọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ funfun náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin kan náà nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ife àti ṣíbí ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé ti ń béèrè pé, "Kí ni a ó wá máa fi bo oúnjẹ?" Ẹ̀yin ìyá wa, kí ọ̀rá tó dé ni àwọn tí ó bí wa ti ń bo oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n ìdérí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tá tí ó lè dènà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀tá tí òun ń dènà, yóò náwó, oúnjẹ rẹ̀ yóò sì tún bàjẹ́. Ọ̀tá mẹ́ta ni oúnjẹ ní: kòkòrò, eku àti ooru.

Kòkòrò ni ó rọrùn jùlọ. Eṣinṣin kò lè gbé àwo. Nítorí náà, àwo kan tí a dojú rẹ̀ dé orí èkejì ti tó o. Aṣọ funfun náà tó, bí a bá ń fọ̀ ọ́, tí a sì ń lọ̀ ọ́ dáadáa. Kí afẹ́fẹ́ Ọ̀sà má baà ká a sókè, ẹ rán ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ yíká. Bí ẹ bá fi ìda oyin pa aṣọ òwú, tí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná yọ́ ọ wọ inú rẹ̀, yóò gba ìrísí abọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi tútù àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fi bo ohun gbígbóná tàbí ẹran tútù. Ní ti ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni í jẹ ẹ́. Kì í dí gọ́tà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wà gbígbẹ ńkọ́? Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, ẹ dà á sínú ìgò tàbí gálọ́ọ̀nù tí ó mọ́ títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú. Èyí sàn ju oògùn apakòkòrò lọ, nítorí oògùn tí ó pa kòkòrò lè pa ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà náà pẹ̀lú.

Ọ̀tá kejì ni eku, Èkó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń gbé kiri wọ ìlú yìí, ó sì bá wa jà fún ọdún mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni a fi dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú tí a mọ̀ sí L.E.D.B. sílẹ̀ ní ọdún 1928, tí wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé ní ìhà Òkò Àwó. Àrùn náà ti lọ, ṣùgbọ́n eku kò lọ. Lónìí, ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, ń ti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan wọ inú oúnjẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ bí Oǹdó àti Ẹdó ni ó ti ń jà jùlọ, ṣùgbọ́n eku àti gààrí kì í béèrè ààlà. Aṣọ kò lè dènà eku, ewé kò lè dènà rẹ̀, ọ̀rá kò sì tó o jẹ. Agolo onírin, ìgò, tàbí abọ́ tánganran tí ọmọrí rẹ̀ le ni kí ẹ lò fún gààrí, ìrẹsì àti èlùbọ́.

Níhìn-ín ni a ó ti kìlọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń kó gààrí sínú ike ọ̀dà ògiri àtijọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ike tí ó ti gba ọ̀dà, epo ọkọ̀ tàbí oògùn rí kò yẹ fún oúnjẹ mọ́, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ìṣúnná owó kọ́ ni èyí.

Ọ̀tá kẹta ni ooru, òun ni ó sì le jùlọ, nítorí ìdérí nìkan kò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 1995, olùkọ́ kan ní Òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò amọ̀ kan sínú èkejì, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò wọ́n. Ikàn tí kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ pé ọjọ́ 27 nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Omi tí ń fò lọ lára amọ̀ ni í gbé ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lára àmù ìyá wa. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Òkè Ọya gbẹ; tiwa ní etí Ọ̀sà lọ́rinrin. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè fi tọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátì. Ní ìgbà òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ má sì fi ẹran tàbí ọbẹ̀ sínú rẹ̀ rárá.

Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà lójú lásán ju wákàtí méjì lọ. Bí iná ìjọba kò bá sí, tí fíríìjì kò sì ṣiṣẹ́, ẹ se ìwọ̀n tí a ó jẹ tán. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jùlọ: kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kú sínú ìkòkò, bí ìrẹsì náà bá sì sùn síta, májèlé tí ó pọ̀ sínú rẹ̀ kò gbọ́ iná mọ́. Gbígbóná láàárọ̀ kò tún un ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí ọjà lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ibùsùn àti orí àjà yín. Àwo tí ó ṣẹ́kù, agolo mílíìkì, ìgò jáàmù, igbá ìyá àgbà: ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ wá ọmọrí tí ó bá ẹnu wọn mu. Igbá olóore kì í fọ́, àwo olóore kì í fàya. Ṣùgbọ́n igbá tí a sọ sínú gọ́tà kò lè ṣe olóore ní oore kankan.