Ohùn Láìsí Ọ̀rọ̀: Damo Suzuki nínú Tago Mago (1971)

Ní ọdún 1971 ni ẹgbẹ́ olórin Can, ará ìlú Cologne ní Jámánì, gbé àwo rọ́ọ̀kì psychedelic kan jáde tí wọ́n pè ní Tago Mago. Àwo méjì ni nínú páálí kan, orin méje péré ló sì wà nínú wọn. "Halleluhwah" nìkan gba odindi ojú kan, ó lé ní ìṣẹ́jú 18. Ìlù Jaki Liebezeit ni àwọn olùfẹ́ rọ́ọ̀kì sábà máa ń yìn. Ẹnu akọrin ló kan àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè.

Damo Suzuki, ọmọ Japan, ni akọrin náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970, ó ń kọrin lójú títì ní Munich nígbà tí Liebezeit àti Holger Czukay rí i. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló bá wọn kọrin lórí ìtàgé, láìsí ìdánrawò. Ohun tó bá dé ẹnu rẹ̀ ló sábà máa ń kọ: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Japan, àti sílébù tí kì í ṣe ti èdè kankan.

Kí ló dé tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ fi rí ààyè ní Jámánì? Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rọ́ọ̀kì nígbà náà. Ẹni tó bá fi í kọrin dà bí ẹni tó ń sín àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba jẹ. Èdè Jámánì ńkọ́? Orin fàájì tí àwọn òbí ń gbọ́ lórí rédíò ló kún inú rẹ̀, ariwo ìgbà Hitler kò sì tíì tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n, lójú tèmi, ìdí mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Karlheinz Stockhausen ni Czukay àti Irmin Schmidt tó ń tẹ dùùrù. Stockhausen fúnra rẹ̀ ti kọ́ fònẹ́tíìkì lọ́dọ̀ Werner Meyer-Eppler ní yunifásítì Bonn, àwọn ọdún náà ló sì ń ṣe Gesang der Jünglinge (1956), níbi tó ti gé ohùn ọmọdékùnrin kan sí wẹ́wẹ́, tó pò ó mọ́ ìró ẹ̀rọ. Kí rọ́ọ̀kì tó débẹ̀, wọ́n ti ń fi ohùn ṣe iṣẹ́ bí ìró lásán, láìwo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ "Peking O". Suzuki ń tú sílébù jáde wàràwàrà, a kò sì rí mọ́fíìmù kan dì mú. Síbẹ̀ a lè ka sílébù náà, a lè sọ ibi tí ìpèdè kan parí, a sì ń gbọ́ ìbínú àti ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ ti lọ. Fonọ́lọ́jì kò lọ. Ẹni tí èdè olóhùn bíi tiwa ti mọ́ lára yóò fẹ́ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀: lílọ sókè àti sódò ohùn níbẹ̀ kò ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Ìṣòro mìíràn ń bẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀. Inú ilé olódi kan nítòsí Cologne, Schloss Nörvenich, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí kò ní ju ìlà ìgbohùn méjì lọ. Wọ́n á ṣeré títí, lẹ́yìn náà Czukay á gé téèpù, á sì lẹ èyí tó wù ú pọ̀. Nítorí náà, níbi tí ohùn bá ti dákẹ́ lójijì, ó lè má jẹ́ pé èémí ló tán. Ojú ibi tí wọ́n gé ni. Nínú "Oh Yeah" ẹ̀wẹ̀, wọ́n yí apá kan ohùn náà láti ẹ̀yìn wá síwájú: kò sí ahọ́n tó pe irú ìró bẹ́ẹ̀ rí.