Ìwé Ẹgbẹ́ Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ: Báwo La Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ?

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi ìgbìmọ̀ léèrè pé kí ló dé tí owó ẹ̀rọ tún fi wọ inú ìṣirò ọdún yìí, nígbà tí a ti ra kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ ọ́ lójú wa pé lẹ́jà àtijọ́ kò bèèrè iná, kò sì bèèrè ẹnjiníà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́jà náà ń bèèrè kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ń bèèrè ẹni tí yóò lé ikán àti èkúté. Ìwé inú ẹ̀rọ náà ní ikán tirẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó dìbò ní ìpàdé gbogbogbòò.

Kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń rí lórí tábìlì akápò ni ìwé yín wà. Ojú fèrèsé lásán ni ìyẹn. Inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ni ìwé gan-an wà, nínú yàrá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn. Bí akápò bá bèèrè iye tí ẹnì kan ti dá, sáfà ló ń fèsì. Bí akọ̀wé bá bèèrè ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó kan, sáfà náà ni.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lórí sáfà kan ṣoṣo yìí: ìwé owó, ímeèlì ẹgbẹ́, àti fọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwòrán yín. Bí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, tí ọ̀kan bá ṣàìsàn, gbogbo wọn ni yóò dùbúlẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá ọgbọ́n láti pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ láì fi ayùn là á. Virtual machine ni wọ́n ń pè é. Àwa ń pè é ní ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí a fi háyà. Òrùlé kan ni, kànga kan ni, ṣùgbọ́n ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, onílé ló sì ń pín omi fún wọn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ VM/370 jáde fún àwọn oníbàárà wọn ní 1972, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odidi yàrá.

Àǹfààní rẹ̀ fún wa ni pé ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kò ju fáìlì ńlá kan lọ. Bí sáfà bá kú lónìí, a lè ra òmíràn, ká gbé fáìlì náà sínú rẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bí ilé bá jó, gbogbo yàrá ló jó. Bí ẹ̀dà fáìlì náà bá wà nínú sáfà kan náà, kí la ti ṣe?

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun mọ orúkọ Maersk dáadáa, àwọn ará Denmark tí orúkọ wọn wà lára kọ̀nténà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ NotPetya wọlé tọ̀ wọ́n. Ukraine ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, inú ètò ìṣirò owó-orí kan tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń lò ló sì gbà tàn kálẹ̀. Maersk ní nǹkan bí 150 sáfà káàkiri ayé tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn àti ìlẹ̀kùn tó tọ́ sí oníkálukú. Gbogbo wọn ń da ìwé náà kọ lára ara wọn, wọ́n sì rò pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù yóò wà. Àrùn náà pa gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, Ghana ló sì wà. Kí ló gbà á là? Iná ti lọ! Àìsíná ti já a kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kí àrùn tó dé. Ohun tí à ń bú lójoojúmọ́ ló gba àwọn òyìnbó là. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ kò lè gbé ìwé náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kíákíá, àwọn òṣìṣẹ́ Ghana kò sì ní físà Gẹ̀ẹ́sì. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé dísìkì náà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn sì gbé e dé London. Ní oṣù Kìíní 2018, alága Maersk, Jim Hagemann Snabe, sọ pé 4,000 sáfà àti 45,000 kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún ètò inú wọn tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là ni wọ́n ní ó ná wọn.

Àwọn tó sọ fún wa pé ẹ̀dà wà nínú sáfà, kí la tún ń wá, ẹ ṣé ẹ rí i? Ẹ̀dà 150 kò tó nígbà tí okùn kan náà so gbogbo wọn pọ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bèèrè owó fún ni dísìkì méjì tí kò ní máa wà lára sáfà. A ó so ọ̀kan mọ́ ọn ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a ó da ìwé ọ̀sẹ̀ sí i, a ó yọ ọ́, yóò sì kúrò ní ilé yìí pátápátá. Èkejì yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ó ṣí ọ̀kan nínú wọn sínú ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tuntun, kí ọ̀dítọ̀ yan orúkọ mẹ́wàá, kó fi wé ìwé ìfowópamọ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Àpò tí a kò tíì tú wò, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gààrí ló wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ímeèlì, níbi tí àwọn gbájú-ẹ̀ pọ̀ sí jù. Ìlànà tí à ń fi í ránṣẹ́ ti wà láti 1982, nígbà tí àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, kò sì bèèrè bóyá ẹni tó kọ orúkọ sẹ́yìn lẹ́tà ló ni orúkọ náà. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa síbẹ̀. Nítorí náà ni ìlànà mẹ́ta fi wà báyìí. SPF jẹ́ ìwé tí a lẹ̀ síta, tó ń sọ sáfà tó ní àṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ wa. DKIM jẹ́ èdìdì tí a lù sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. DMARC ló ń sọ fún ẹni tó gba lẹ́tà ohun tó yẹ kó ṣe sí èyí tí kò ní wọn. Láti oṣù Kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ rẹpẹtẹ pé kí wọ́n ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ó ṣe é. Kò gba owó, àfi àkókò ẹnjiníà.

Síbẹ̀ o, èdìdì kò lè ran wá lọ́wọ́ bí olè bá ti jí páàsíwọ́ọ̀dù akápò, tó jókòó sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀ gan-an. Òun náà ni yóò máa lu èdìdì wa. Ohun tó ń ṣe ò pọ̀: yóò dúró títí ẹ óò fi fẹ́ sanwó ọjà, yóò wá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà. Bí ẹ bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tàbí ti ẹni tó ń tajà fún yín, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ pe nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹni náà.

Òfin náà ń wo wa. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti 2023 sọ pé bí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa wọ́n lára, a gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń rí sí i létí láàárín wákàtí 72 tí a bá ti mọ̀.

Páàsíwọ́ọ̀dù àgbà ti sáfà yóò wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀, tí alága, akápò àti akọ̀wé fọwọ́ sí lẹ́yìn, nínú séèfù, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí sáfà náà kó tó dìbò, kó wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Sátidé, láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ náà kò fẹ́ eruku.